Ìbọn afẹ́fẹ́ alásìlíńdà: báwo ni a ṣe ń mọ̀ bóyá ọta rẹ̀ yára tó, tí ó sì ń ba ojú àmì?

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ òǹkàwé kan ní Ilé-Ifẹ̀

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, oko kòkó bàbá mi wà ní ọ̀nà Ifẹ̀wàrà, ọ̀kẹ́rẹ́ sì ń jẹ èso kòkó ibẹ̀ débi pé bàbá gbà kí n ra ìbọn afẹ́fẹ́ alásìlíńdà, irú èyí tí a máa ń kó afẹ́fẹ́ sí nínú kí a tó yìn ín. Mo ti gba ìwé àṣẹ rẹ̀. Mìlímítà 5.5 ni ọta tí ó ń lò. Wọ́n kọ ọ́ sára páálí rẹ̀ pé ọta rẹ̀ ń sáré tó mítà 305 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ṣùgbọ́n nígbà tí mo yá ẹ̀rọ ìwọ̀n eré ọta lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi, n kò rí ju nǹkan bí 270 lọ, iye náà sì ń yí padà láti ìgbà kan sí èkejì. Ẹnì kan ní Mọdákẹ́kẹ́ sọ pé wọ́n ti rẹ́ mi jẹ. Ẹlòmíràn ní kí n gbàgbé ẹ̀rọ náà, pé bí ọta bá ti lè dá agolo mílíìkì lu, kò sí ohun tó ṣe ìbọn. Èwo ni kí n gbà gbọ́?

* * *

Ìdáhùn, láti Iléṣà

Àbúrò, kò sí ẹni tó rẹ́ ọ jẹ. Iye tí àwọn tó ń ṣe ìbọn ń kọ sára páálí sábà máa ń jẹ́ ti ọta tó fúyẹ́ jù lọ tí wọ́n rí lò, ọ̀pọ̀ irú ọta bẹ́ẹ̀ ni kì í sì í ṣe òjé rárá. Ohun tí o kò sọ fún wa ni ìwọ̀n ọta tí ìwọ fi dán an wò, bẹ́ẹ̀ sì ni iye eré tí a kò mọ ìwọ̀n ọta rẹ̀ kò lè sọ ohunkóhun fún wa nípa ìbọn.

Jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. Láti mọ agbára ọta, mú ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ ní kílógíráàmù, fi eré rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, kí o sì tún fi eré náà sọ ọ́ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọta JSB (orúkọ ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe ọta) tó wọn gíréènì 18.13, tí í ṣe gíráàmù 1.175, bí ó bá ń sáré mítà 270, agbára rẹ̀ jẹ́ joule 42.8 (joule ni òṣùwọ̀n agbára). Bí o bá fi ọta JSB tó wọn gíréènì 15.89 sínú ìbọn kan náà, tí ó sì sáré tó 282, agbára tirẹ̀ yóò jẹ́ nǹkan bí joule 41. Èyí tó yára jù ni agbára rẹ̀ kéré jù. Bí ìbọn alásìlíńdà ti sábà máa ń ṣe nìyẹn: ọta tó wúwo máa ń gba agbára púpọ̀ sí i lára afẹ́fẹ́ nítorí pé ó pẹ́ díẹ̀ sí i nínú ọ̀pá ìbọn.

Ohun mìíràn tún wà tí àwọn tó ń ra tòkunbọ̀ ní láti mọ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìbọn afẹ́fẹ́ tí agbára rẹ̀ bá kọjá nǹkan bí joule 16.3 nílò ìwé àṣẹ àwọn ọlọ́pàá. Ní Jámánì, joule 7.5 ni ààlà fún èyí tí a lè rà láìsí ìwé àṣẹ. Nítorí náà, irú ìbọn kan náà lè jáde láti ọwọ́ àwọn tó ṣe é pẹ̀lú agbára tó yàtọ̀ síra gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀-èdè tó ń lọ. Ẹni tó bá ra èyí tí wọ́n ṣe fún ọjà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó sì fi ọta gíréènì 15.89 dán an wò, yóò rí nǹkan bí mítà 177, ìbọn náà kò sì ní àléébù kankan.

* * *

Sí àwọn tó ní agolo mílíìkì ti tó

Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn ẹ̀gbọ́n tó ń sọ èyí, nítorí pé ojú wọn ti rí ìgbẹ́ ju tèmi lọ, ṣùgbọ́n n kò lè fara mọ́ ọn. Agolo kàn ń sọ fún wa pé agbára ọta ju ohun tí páànù lè dá dúró lọ ni. Kò lè sọ iye tí ó fi jù ú lọ. Ọta onímú ṣóńṣó lè dá páànù lu níbi tí ọta olórí pẹrẹsẹ yóò ti ta padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé agbára kan náà ni àwọn méjèèjì gbé dé ibẹ̀. Agolo tó ti dógùn-ún náà kò le bí èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí.

Wo ohun tí agolo máa ń fi pa mọ́. Ìbọn kan ń sáré 270 nígbà tí sìlíńdà rẹ̀ kún. Nígbà tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń tán lọ, eré náà já sí 235. Ní mítà 10, ọta méjèèjì yóò dá agolo lu, inú ẹni tó ń yìn ín yóò sì dùn. Ṣùgbọ́n bí ó bá fojú sun nǹkan tó wà ní mítà 40 láìyí awò orí ìbọn padà, ọta kejì yóò balẹ̀ ní nǹkan bí mìlímítà 40 nísàlẹ̀ èkíní. Mo ti rí ẹni tó tú awò orí ìbọn rẹ̀ palẹ̀ tó sì tún un dè léraléra lórí ọ̀rọ̀ yìí nítòsí Òṣú, nígbà tó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ inú sìlíńdà nìkan ló ń tán.

Ẹni tó bá ti lo ṣakabùlà mọ̀ pé ìwọ̀n ẹ̀tù tí a bù sí i ló ń pinnu bí ọta yóò ṣe lọ. Nínú ìbọn alásìlíńdà, afẹ́fẹ́ ni ó dúró sí ipò ẹ̀tù, ó sì ń dín kù pẹ̀lú yíyìn kọ̀ọ̀kan láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ìdí nìyí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn pé wíwọn eré kò ṣeé fi sílẹ̀.

* * *

Bí a ṣe ń wọn eré náà

Ẹ̀rọ náà kò ṣòro láti lóye. Ojú méjì ni ó ní, àyè tó wà láàárín wọn sì jẹ́ èyí tí a mọ̀. Nígbà tí ọta bá kọjá ojú kìíní, aago inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀, nígbà tó bá kọjá ojú kejì, aago á dúró. Bí sẹ̀ǹtímítà 10 bá wà láàárín ojú méjèèjì, ọta tó ń sáré 270 yóò lo ìṣẹ́jú-àáyá 0.00037 péré níbẹ̀. Nítorí pé àkókò náà kéré tó bẹ́ẹ̀, ohun kékeré lè da iye tó gbé jáde rú.

Àríyànjiyàn tó wọ́pọ̀ jù ni bóyá inú oòrùn ni a ó gbé e sí tàbí abẹ́ òrùlé. Èyí tó ń lo ìmọ́lẹ̀ ojú sánmà nílò ìmọ́lẹ̀ tó tẹ́ rẹ́rẹ́. Bí oòrùn ọ̀sán gangan bá tàn sí i lójú, ó lè má rí ọta rárá. Bí o bá gbé e wọ abẹ́ òrùlé, gílóòbù tó ń ṣẹ́jú láìjẹ́ pé a rí i lè mú kí ó ka ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Èyí tó ní iná tirẹ̀ nínú kò bìkítà fún ojú sánmà, ṣùgbọ́n oòrùn tààrà ń dí òun náà lọ́wọ́. Fún irú méjèèjì, abẹ́ ibòji gbangba ní òwúrọ̀, tàbí ọjọ́ tí ìkúùkù bo ojú ọ̀run, ló dára jù. Rí i dájú pé ọta kọjá ní tààrà láàárín ojú méjèèjì, kí ẹnu ìbọn sì wà ní àyè kan náà sí ẹ̀rọ ní gbogbo ìgbà. Lẹ́yìn yíyìn kọ̀ọ̀kan, kọ iye eré sílẹ̀, kí o sì kọ iye tí gééjì, ìyẹn ojú ìwọ̀n afẹ́fẹ́ inú sìlíńdà, ń fi hàn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kọ eré nìkan, wọn kì í sì í mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe lẹ́yìn náà.

Ẹnì kan béèrè pé kí ni ẹni tí kò ní ẹ̀rọ náà lè ṣe. Ó lè fi fóònù gba ohùn sílẹ̀. So páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan rọ̀ níwájú òkìtì ilẹ̀ ní mítà 25 gééré, gbé fóònù sí ẹ̀gbẹ́ ìbọn, yìn ín, kí o sì wo àkókò tó wà láàárín ìró ìbọn àti ìró páànù lórí àwòrán ohùn náà. Ìró páànù ní láti rìn padà wá bá ọ. Nígbà tí ojú ọjọ́ bá gbóná tó ìwọ̀n 30 ti Celsius, ohùn ń rin nǹkan bí mítà 350 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí náà yọ ìṣẹ́jú-àáyá 0.071 kúrò. Bí àkókò náà bá jẹ́ 0.168, yóò ku 0.097 fún ọta. Fi í pín 25, ìwọ yóò rí nǹkan bí 258, èyí tí í ṣe ìpíndọ́gba eré rẹ̀ láti ẹnu ìbọn dé páànù. Kò péye tó ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ó sàn ju agolo lọ fíìfíì. Wọ awò ìdáàbòbo ojú, nítorí òjé lè ta padà.

* * *

Ìdí tí eré fi ń yí padà

Ibí ni ìdáhùn sí ìdajì ìbéèrè àbúrò wa wà. Nínú ìbọn tí kò ní rẹ́gúlétọ̀, bí sìlíńdà bá kún jù, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ yóò ti ẹnu fáàfù, ìyẹn ìlẹ̀kùn kékeré tó ń tú afẹ́fẹ́ jáde, pa débi pé òòlù inú ìbọn kò ní lè ṣí i pẹ́. Afẹ́fẹ́ tó jáde yóò kéré, ọta yóò sì lọ́ra. Bí afẹ́fẹ́ ti ń dín kù, fáàfù yóò máa ṣí pẹ́ sí i, eré yóò sì máa gòkè, títí dé ibi tí afẹ́fẹ́ tó kù kò ti ní tó mọ́, tí eré yóò wá máa já wálẹ̀. Bí a bá yà á sórí ìwé, ó rí bí òkè kékeré. Ìbọn tó ní rẹ́gúlétọ̀ ń bu afẹ́fẹ́ ní iye kan náà sínú yàrá kékeré kan ṣáájú yíyìn kọ̀ọ̀kan, eré rẹ̀ sì máa ń tẹ́ títí sìlíńdà yóò fi bọ́ sísàlẹ̀ iye tí a yí rẹ́gúlétọ̀ sí.

Àwọn kan ń pariwo pé ìbọn àwọn ń jò nítorí pé gééjì fi bar 200 hàn (bar ni òṣùwọ̀n bí afẹ́fẹ́ ṣe fún pọ̀ tó) nígbà tí wọ́n parí pọ́ǹpù, tí ó sì jẹ́ 186 lẹ́yìn wákàtí kan. Afẹ́fẹ́ tí a bá fún pọ̀ máa ń gbóná. Bí ó bá wà ní ìwọ̀n 50 nígbà tí gééjì ka 200, tí ó sì tutù padà sí 28, bar 186 náà ni yóò kà, láìjẹ́ pé èémí kan jáde. Nítorí náà, má ṣe bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kí sìlíńdà tó tutù, má sì tíì ra rọ́bà tuntun tí a fi ń dí ibi tí afẹ́fẹ́ lè gbà jò.

Nípa ibi tí a ti ń rí afẹ́fẹ́, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ fọgánáísà kò lè kún ìbọn yìí, nítorí pé agbára rẹ̀ kì í sábà ju nǹkan bí bar 10 lọ. Pọ́ǹpù alọ́wọ́ tó jẹ́ ti ìbọn ni ọ̀pọ̀ wa ń lò. Ní àkókò òjò, afẹ́fẹ́ Ifẹ̀ àti Iléṣà kún fún omi, omi yìí á sì wọ inú sìlíńdà bí a kò bá fi ohun tó ń fa omi sí ẹnu pọ́ǹpù, tí a kò sì máa sinmi kí pọ́ǹpù lè tutù. Àkókò ọyẹ́ ló rọrùn jù fún un.

Ohun kan wà tí n kò ní fi bò rárá. Mo gbọ́ pé ẹnì kan ń gba àwọn ọ̀dọ́ níyànjú láti lọ kún ìbọn lọ́dọ̀ wẹ́dà. Ọ́síjìn ni wẹ́dà ń lò. Ọ́síjìn tí a fún pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, bí ó bá kan òróró tàbí gíríìsì díẹ̀ nínú fáàfù, yóò bú gbàmù lójú ẹni tó dì í mú. Afẹ́fẹ́ lásán nìkan ni kí ẹ kó sínú ìbọn yín, gíríìsì sílíkónì nìkan ni kí ẹ sì fi pa rọ́bà rẹ̀. Mo bẹ̀ yín.

* * *

Ṣé bí ó bá ti yára sí i ni ó dára sí i?

Rárá. Ọta tí a ń lò yìí, tí ìbàdí rẹ̀ tín-ín-rín tí ìdí rẹ̀ sì fẹ̀, kò fẹ́ràn kí ó súnmọ́ eré ohùn. Bí ó bá ti ń súnmọ́ ọn, afẹ́fẹ́ tó ń ṣàn ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò máa dà á láàmú, yóò sì máa yẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà. Láàárín nǹkan bí mítà 250 sí 285 ni ọ̀pọ̀ ọta òjé ti máa ń lọ dáadáa jù nínú ìbọn tó lágbára. Ẹni tó bá ń fi ọta fífúyẹ́ wá mítà 305 torí kí ó lè fi yangàn ń fi ojú àmì rà á.

* * *

Bí a ṣe ń dán ojú àmì wò

Orí èyí ni àwa tí a máa ń pàdé ní Iléṣà ti ń jà jù. Àwọn kan ní yíyìn mẹ́ta tó, àwọn kan ní márùn-ún, èmi ní mẹ́wàá. Èyí tí wọ́n fi yíyìn mẹ́ta ṣe máa ń mú orí ẹni wú, nítorí pé oríire lè kó ihò mẹ́ta jọ sójú kan. Bí a bá fi ìbọn kan náà àti ọta kan náà yin mẹ́wàá dípò márùn-ún, àkójọ ihò náà yóò fẹ̀ ju ti márùn-ún lọ ní nǹkan bí ìdámẹ́rin, ìbọn kò sì tíì bàjẹ́. Nítorí náà, kò tọ́ kí ẹnì kan mú márùn-ún tirẹ̀ wá fi wé mẹ́wàá ẹlòmíràn. Ó tún burú jù bí ó bá yin ọ̀pọ̀ páálí tó sì gbé èyí tó dára jù lọ jáde. Gbogbo rẹ̀ ni kí ó gbé wá.

Láti wọn àkójọ náà, wọn láti etí òde ihò kan sí etí òde èyí tó jìnnà sí i jù, kí o sì yọ mìlímítà 5.5 kúrò. Lo káàdì líle, nítorí pé páálí rírọ̀ ń ya wọ́kiwọ̀ki. Gbé iwájú ìbọn lé àpò yanrìn, má ṣe gbé ọ̀pá rẹ̀ lé e, kí o sì fi àpò kékeré ti ìdí rẹ̀. Òwúrọ̀ kùtùkùtù, kí atẹ́gùn tó dìde, ni kí o ṣe é. Bí kò bá ṣeé ṣe, so okùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan sórí igi ní àárín ọ̀nà, kí o sì dúró títí yóò fi sinmi. Bí o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ nu inú ọ̀pá ìbọn, tàbí tí o yí irú ọta padà, kọ́kọ́ yin díẹ̀ dànù kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà, títí òjé ọta tuntun yóò fi mọ́ inú ọ̀pá náà lára.

Ẹ̀gbọ́n kan bi mí pé bí eré bá yàtọ̀ díẹ̀, ṣé ìyẹn kò ti ba àkójọ ihò jẹ́ ni? Ó sinmi lórí bí àmì ṣe jìnnà tó. Kí a sọ pé eré náà fi mítà 8 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan yàtọ̀, láti 270 sí 262. Ní mítà 25, ìyàtọ̀ tí yóò mú wá kò ju nǹkan bí mìlímítà 3 lọ, ojú lásán kò sì ní rí i. Ní mítà 50, yóò tó mìlímítà 12. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé, fún iṣẹ́ oko tí kì í kọjá mítà 30, yíyan ọta tó bá ọ̀pá ìbọn mu ṣe pàtàkì ju ríra rẹ́gúlétọ̀ lọ. Àwọn tó ń yìn ín ní mítà 50 sókè ní ẹ̀tọ́ láti bá mi jiyàn.

* * *

Ọ̀rọ̀ kúkúrú sí ẹni tó sọ pé ohun ìṣeré ọmọdé ni ìbọn afẹ́fẹ́

Àwọn ọmọ ogun Austria lo ìbọn afẹ́fẹ́ Girandoni láti nǹkan bí ọdún 1780, Lewis àti Clark, àwọn olùṣàwárí ilẹ̀ Amẹ́ríkà, sì gbé ìbọn afẹ́fẹ́ dání nínú ìrìn àjò wọn la Amẹ́ríkà já láàárín 1804 sí 1806. Òfin ìbọn orílẹ̀-èdè wa ti 1959 kà á mọ́ ìbọn tí ènìyàn gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ fún. Ọta rẹ̀ lè rìn kọjá mítà 300 bí a bá yìn ín sókè. Ẹ má ṣe dán an wò lẹ́yìnkùlé ilé ní àárín ìlú, ẹ má sì lo ògiri síméńtì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yìn àmì. Òkìtì ilẹ̀ pupa tó ga ju ènìyàn lọ ni kí ẹ wá.

* * *

Àbúrò wa láti Ifẹ̀ padà wá

Ó ti ṣe é, ó sì fi iye rẹ̀ ránṣẹ́. Ìbọn rẹ̀ kò ní rẹ́gúlétọ̀. Pẹ̀lú ọta gíréènì 18.13, ní bar 200, eré jẹ́ 254. Ní 185, 261. Ní 170, 267. Ní 150, 271. Ní 135, 266. Ní 120, 260. Ní 105, 247. Àkójọ ihò mẹ́wàá ní mítà 25 jẹ́ mìlímítà 17. Pẹ̀lú ọta gíréènì 15.89, tó yára jù ú lọ, àkójọ náà jẹ́ mìlímítà 29. Ó béèrè bóyá kí ó dá ìbọn náà padà.

Àbúrò, má dá a padà. Òkè kékeré tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan nìyẹn, ó hàn kedere nínú iye tí o kọ. Bar 200 pọ̀ jù fún ìbọn yìí. Agbára rẹ ni o ń fi ṣòfò lórí pọ́ǹpù. Kún un dé 185, kí o sì dá dúró ní 120. Láàárín méjèèjì, ìyàtọ̀ eré rẹ kò ju mítà 11 lọ, èyí tí kò ní ju nǹkan bí mìlímítà 5 lọ ní mítà 30. Agbára rẹ̀ lẹ́nu ìbọn yóò wà láàárín nǹkan bí joule 40 sí 43, ó sì tó fún ọ̀kẹ́rẹ́ dáadáa. Ọta gíréènì 18.13 ni kí o dúró lé, kí o sì ra púpọ̀ nínú agolo tó ní nọ́ńbà ìṣelọ́pọ̀ kan náà bí o bá rí i.

Yí awò orí ìbọn rẹ sí mítà 25 nígbà tí gééjì bá wà ní nǹkan bí 150. Ní oko, má ṣe yìn ín sí ọ̀kẹ́rẹ́ tó wà ní ṣóńṣó ẹ̀ka tí ojú ọ̀run wà lẹ́yìn rẹ̀. Dúró kí ó sọ̀ kalẹ̀ sára ìtì igi, kí o sì mọ ibi tí gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ bàbá wà kí ìka rẹ tó kan ibi tí a ti ń fà á. Bí eré bá já sísàlẹ̀ 250 nígbà tí gééjì ṣì ń fi 150 hàn, gééjì náà ni kí o kọ́kọ́ fura sí. Fi ti pọ́ǹpù wé e kí o tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú fáàfù.